Ta Ló Dúró Ti Ọmọ Náà?

Láti Takon, ní ilẹ̀ Benin, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹni tó ń ṣa ẹyìn lọ́wọ́, kó máa ṣà á lọ. Ẹni tó ń yan gàrí, kó rọra máa wo iná. Etí yín nìkan la tọrọ.

Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ bá yín fà lónìí. Bí ọmọ bá kiri láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò sunkún, tí kò ṣàárẹ̀, tó sì kó owó tó pé délé, àwa àgbà a ní, "Ọmọ yìí mà le o! Ìyà ò lè pa á." Bí wọ́n bá rán an lọ sí Èkó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún pẹ̀lú báàgì aṣọ kan ṣoṣo, a ní, "Ojú rẹ̀ ti là." Lójú tiwa, a yìn ín ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò: ta ni ìyìn yẹn ń ràn lọ́wọ́? Ọmọ tó bá ti le tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan fún un mọ́. A yìn ín tán, a bá tiwa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Àwọn ọmọ ń fara da ohun tó pọ̀, níhìn-ín àti káàkiri ayé, ohun tó jẹ́ pé bó bá kan àgbà, ilẹ̀ ni ìbá jókòó sí. Ohun tí mo fẹ́ ká wádìí ni ibi tí wọ́n ti ń rí agbára náà. Ṣé àyà ọmọ náà nìkan ló wà, àbí ẹnì kan wà níbì kan tó ń fún un?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gba Ìgólò bọ́ sí Ìdìròkó, tó forí lé Ìlaròó, ọ̀nà Abẹ́òkúta ló wà yẹn. Ìlú olókùúta ni Abẹ́òkúta, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Àwọn tó ń kọ́lé nílò òkúta wẹ́wẹ́, àwọn tó ń la títì náà nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Benin tiwa yìí ló ń fọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Agbègbè Za-Kpota, ní ìpínlẹ̀ Zou, lápá Àgbómẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ọ̀gá kan á wọ abúlé, á bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀, á ṣèlérí, ọmọ á sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á fi òòlù fọ́ òkúta, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á kó o jọ títí yóò fi kún ọkọ̀ akẹ́rù. Owó ọkọ̀ yẹn, àpò ọ̀gá ló ń wọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ náà lè gba kẹ̀kẹ́ kan, tàbí rédíò kan, tàbí owó díẹ̀, kó wá fi wálé.

Lọ́dún 2003 ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa mọ́ wa fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn adigunjalè tó ń kó ọkọ̀ gba àlà kọjá ló fa ìjà, Ààrẹ Obasanjo àti Ààrẹ Kérékou sì pàdé ní Àgbádárìgì láti yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọlọ́pàá Nàìjíríà wọ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tí wọ́n kó àwọn ọmọ tó lé ní 200 kúrò níbẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n sì dá wọn padà sí Benin. Àwọn kan nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kútọnu ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn dé, àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọmọdé, bíi Terre des hommes, gbà wọ́n sílé, kí wọ́n tó wá ọ̀nà abúlé wọn. Lọ́dún 2005 orílẹ̀-èdè méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí kíkó ọmọ rìn. Lọ́dún 2006 àwọn aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́ gbé òfin jáde lé e lórí. Òfin náà la ó padà bá.

Bí mo bá dúró síbí, ìtàn náà rọrùn: ìkà wà, ọmọ wà, ọlọ́pàá dé, ó parí. Kò parí o. Lára àwọn tí wọ́n dá padà, àwọn kan tún gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n tún padà sídìí òkúta. Lọ́tẹ̀ yìí ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn. Òyìnbó onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Neil Howard lọ sí Zou lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó jókòó ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti fọ́ òkúta rí, ó ní kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ohun tí wọ́n sọ kò bá ìwé àwọn àjọ ńlá mu. Púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ́ pé wọ́n ti bàlágà kí wọ́n tó lọ ní kò sẹ́ni tó jí àwọn gbé. Wọ́n ní iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n owó làwọn wá lọ, torí àwọn náà fẹ́ di èèyàn, owó kò sì sí nílé.

Kí ló dé tí owó ò fi sí nílé? Ilẹ̀ òwú ni Zou. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 yẹn gan-an, Benin, Burkina Faso, Mali àti Chad gbé ẹjọ́ wọn lọ sí ìpàdé Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní Cancún, ní Mẹ́síkò. Wọ́n ní owó tí Amẹ́ríkà ń rọ́ fún àwọn àgbẹ̀ òwú tirẹ̀ ti já iye òwú walẹ̀ lọ́jà ayé, débi pé àgbẹ̀ tiwa ń gbin òwú, ó ń jẹ gbèsè. Ìpàdé náà tú ká láìsí ojútùú. Ní sáà kan náà ni ọkọ̀ ń kó àwọn ọmọ àgbẹ̀ yẹn bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Lórí rédíò, ìròyìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ọ̀kan wà lábẹ́ ọrọ̀ ajé, ìkejì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀daràn.

Tèmi rèé lórí ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá ní òun lòun yan ìrìn àjò òun, mo gbọ́ ọ, n ò ní pè é ní ẹrù tí wọ́n jí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé òòlù kò yan ohunkóhun, ẹnikẹ́ni tó bá ní ó yàn án, mo fẹ́ kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ohun tó kan àwọn méjèèjì ni pé wọ́n gbé ọmọ kúrò nínú kòtò, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé tí nǹkan kan kò tíì yí padà nínú rẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò. Ta ló wà nínú ilé yẹn tó ń retí rẹ̀? Kí ló ti múra sílẹ̀ dè é? Èyí ni kò sí nínú fọ́tò.

Orílẹ̀-èdè kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí tó ti fún wa ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, ìdáhùn tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Sierra Leone ni. Ọdún 1991 ni ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó di 2002 kó tó parí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n fi tipátipá kó wọ ẹgbẹ́ ogun. Àwọn kan rí ohun tí ojú ọmọdé kò yẹ kó rí. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, pẹ̀lú ìbọn lẹ́yìn orí wọn. Lọ́dún 2002, bí ìbọn ti dákẹ́, obìnrin onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Theresa Betancourt, àti àwọn ará Sierra Leone tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 500. Wọn ò wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lọ. Wọ́n ń padà wá bá wọn bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí àwọn ọmọ náà fi di géńdé, tí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí bímọ.

Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, àti àwọn tí wọ́n sọ di apààyàn, ọgbẹ́ tiwọn jinlẹ̀, kò sì kúrò bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu nínú iṣẹ́ yẹn ni pé ogun nìkan kọ́ ló pinnu bí ọmọ yóò ti rí. Àbọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tó bọ̀, tí ẹbí rẹ̀ gbà á mọ́ra, tí àwọn aládùúgbò kò pè é ní orúkọ burúkú, tó rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ tó sì dúró níbẹ̀, ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀, ìgboyà rẹ̀ ń padà bọ̀. Èyí tí wọ́n ń nàka sí, tí àwọn ìyá ń fa ọmọ tiwọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú omi, tirẹ̀ ń burú sí i, kódà bí ohun tó rí lójú ogun kò bá tó ti ẹnì kejì. Ní àwọn abúlé kan, àwọn àgbà kò dúró de onímọ̀ kankan. Wọ́n ṣe ètùtù, wọ́n fi omi wẹ ọmọ náà níṣojú gbogbo èèyàn, wọ́n ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti bá omi lọ, ọmọ wa ni, ó ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá tún bú u, gbogbo abúlé ló bú.

Ẹ wá jẹ́ ká bi ara wa, láàárín àwa nìkan. Bí ọmọbìnrin kan bá ti Èkó tàbí Kútọnu dé sí Takon níhìn-ín, kí la máa ń kọ́kọ́ bi í? "Kí lo mú bọ̀?" Bí kò bá mú nǹkan kan bọ̀ ńkọ́? Ẹ mọ bí ojú ṣe ń rí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ nídìí kànga. Bó bá wá gbé oyún dé, orúkọ mìíràn ti wà nílẹ̀ fún un. A kò jagun ní Benin, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n àbọ̀ tí à ń fún àwọn ọmọ wa kan kò sunwọ̀n ju èyí tí wọ́n fún ọmọ tó ru ìbọn.

Nítòsí ọjà wa níhìn-ín, ìyá kan wà tó ń ránṣọ. N ò ní dárúkọ rẹ̀, kò bẹ̀ mí níṣẹ́ ìpolówó. Abẹ́ páànù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta, àwọn ọmọ iṣẹ́ bíi mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó láti kékeré. Bí ẹ bá bi í ní owó ìránṣọ, ẹ ó rí ètè rẹ̀ tó ń mì: náírà ló kọ́kọ́ ń kà nínú, kó tó yí i sí sẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀ lójijì, á fò dìde, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni ń dúró de ìbáwí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wọn ló ti fòpin sí i: ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀ láti fi dẹ́rìn-ín pa ara rẹ̀, yóò gbá ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Mo bi ìyá náà pé, "Ìyá, kí lẹ ṣe fún ọmọ yìí tó fi fara balẹ̀?" Torí mo gbọ́ pé ó sá lọ níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní láti wá a kiri. Ó ní, "Mi ò ṣe nǹkan kan. À ń jọ jẹun ni." Mo rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ìgbà tí mo wá gbọ́ pé ní Èkó abọ́ ọmọ náà yàtọ̀, ife rẹ̀ yàtọ̀, ìgbà tí gbogbo ilé bá jẹun tán ló ń jẹ, lórí ìdúró, ní ẹ̀yìn ilé, ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Lábẹ́ páànù yẹn, àwo kan náà ni. Ọwọ́ ọ̀gá àti ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ jọ ń wọ̀ ọ́. Mo rí i tí ìyá náà ya ẹja sí méjì, ó ti ìdajì sí apá ọ̀dọ̀ ọmọ náà, kò wo ojú rẹ̀, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa okùn ìránṣọ tó wọ́n. Kò sí àjọ kankan tó ná owó lé ìyẹn lórí.

Irú ohun tí ìyá yìí ń ṣe, àwọn onímọ̀ ti rí i níbi tó jìnnà sí wa. Nínú òkun Pàsífíìkì, ní erékùṣù Kauai tó jẹ́ ti Hawaii ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Emmy Werner àti ẹnìkejì rẹ̀ Ruth Smith tẹ̀ lé gbogbo ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún 1955, ọmọ 698, láti inú oyún títí wọ́n fi pé ogójì ọdún. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn ló bọ́ sínú ilé tí ìṣẹ́, ọtí, àìsàn tàbí ìjà ti gbilẹ̀. Nínú àwọn tí nǹkan le fún yìí, ẹnì kan nínú mẹ́ta di àgbà tó ní láárí, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́jú ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé àgbà kan wà tó fara mọ́ wọn, nígbà púpọ̀ kì í sì í ṣe bàbá tàbí ìyá: ìyá àgbà ni, tàbí ẹ̀gbọ́n, olùkọ́, aládùúgbò. Ohun mìíràn tí wọ́n rí, tí inú mi dùn sí, ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ya ìyàkuyà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún ti padà gún nígbà tí wọ́n fi lé ní ọgbọ̀n, nítorí wọ́n rí àǹfààní kejì, bóyá ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, tàbí iṣẹ́ gidi, tàbí aya tàbí ọkọ tó ṣeé fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ ọmọ yín sílẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún.

Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Òun náà la sì ń fi bojú nígbà mìíràn. Nítorí òwe yẹn la ṣe ń fún àǹtí lọ́mọ, tí à ń fún ọ̀gá lọ́mọ, tí a ń ní, "Òun náà á wò ó." Láyé àtijọ́, alágbàtọ́ wà ní agbo ilé kejì. Bó bá na ọmọ ní ìnàkunà, ẹkún ọmọ á dé etí ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní vidomègon, wọ́n sì máa ń sọ pé àṣà ni. Àṣà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá wà ní Mushin tàbí ní Agége, tí bàbá rẹ̀ wà ní Takon, igba ojú wo ló ń wò ó níbẹ̀? Ojú kan péré ni, ojú ẹni tó ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń sọ fún rédíò yín báyìí pé, "Ìwọ ń sọ tìẹ, kí la fẹ́ fi bọ́ wọn?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ ṣì rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí wọn. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Agbègbè tiwa yìí, ẹnubodè ló ń bọ́ wa: àgbàdo, gàrí, ọ̀pẹ òyìnbó, epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróò tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà. Àwọn ìyá tó ń ná ọjà òdìkejì jókòó sílé. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ti kẹ́ẹ̀gì epo kò rí nǹkan tì mọ́. Àárín rẹ̀ ni Kòrónà tún dé, tí ilé ẹ̀kọ́ tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde nílé ìwé ní sáà yẹn ni kò wọlé padà mọ́. Lóòótọ́, láti ọdún 2006 ni ìjọba ti ní kí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìwé àti kakí kì í ṣe ọ̀fẹ́, ikùn kì í sì í gbọ́ ọ̀fẹ́. Ibi tí kàǹtíìnì ìjọba bá dé láti ọdún 2017, ẹ bi àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bí kíláàsì ti rí lọ́jọ́ tí ìrẹsì àti ẹ̀wà bá wà, àti bó ti rí lọ́jọ́ tí kò bá sí. Ọmọ tó jẹun ní aago kan ọ̀sán kì í wá epo kpayo tì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìfaradà ọmọ, tí kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó ń fi àkókò wa ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìtàn kan tí gbogbo wa rò pé a mọ̀. Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó ìlú wọn. Òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, okùn kan náà ni wọ́n so wọ́n mọ́. Ní Ìsẹ́yìn wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún tà á, títí ó fi dé Èkó, níbi tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Lóṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Ìyókù, ẹ gbọ́ ọ ní Ṣọ́ọ̀ṣì: ó kàwé, ó di àlùfáà lọ́dún 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, òun ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Bí a bá fẹ́ fi ẹnì kan hàn tí ìyà kò lè pa, òun là ń mú wá.

Ṣùgbọ́n Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1837, nínú lẹ́tà tó fi sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, pé nígbà tí wọ́n ń tà á kiri, ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Ibi tí àwa ti ń kọrin ìgboyà rẹ̀, ibẹ̀ ni òun ti ń sọ pé òun fẹ́ kú. Kí ló wá gbé e dúró? Ní abúlé Bathurst, lẹ́bàá Freetown, wọ́n fi í sọ́dọ̀ olùkọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Davey, àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní á-bí-dí, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àsánò, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú bíi tirẹ̀. Òun ló padà di aya rẹ̀. Ilé wà, iṣẹ́ ọwọ́ wà, ìwé wà, ẹni tó mọ irú ohun tí ojú rẹ̀ rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo wọn kúrò, kí ẹ sọ fún mi bóyá orúkọ Àjàyí ì bá dé etí wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n dì í lókùn, ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbóyà tó o ni wọ́n jọ dè. Lọ́dún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Abẹ́òkúta kan náà tí à ń sọ lẹ́ẹ̀kan ni.

Ó yá, òfin tí mo ní a ó padà bá. Òfin 2006-04. Ẹni tó bá fi ọmọ ṣòwò, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí ọdún 20 ló wà níbẹ̀ fún un, èyí lọ̀pọ̀ yín ti gbọ́. Èyí tí ẹ ò gbọ́ ni pé òfin náà kò ní kí ọmọ má rìn rárá. Ó ní bí ọmọ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ òbí tó bí i lọ máa gbé ibòmíràn, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ. Ìwé yẹn dà bí ẹ̀tàn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, pé ìjọba fẹ́ gba owó sítám̀pù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: bí orúkọ ọmọ, orúkọ ẹni tó mú un lọ àti ibi tó mú un lọ bá wà nínú ìwé lọ́dọ̀ aláṣẹ, ojú kejì ti kún ojú àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́dọọdún, èsì CEP, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń jáde, ìsinmi gígùn á sì bẹ̀rẹ̀. Sáà yẹn ni àwọn àǹtí máa ń ti Èkó àti Kútọnu dé pẹ̀lú bisikíìtì àti aṣọ òkìrìkà. Bí àǹtí bá dé ilé yín, ẹ fún un lómi, ẹ bá a ṣeré, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè. Nọ́ńbà fóònù ta ni ọmọ yìí máa mọ̀ sórí, yàtọ̀ sí tìrẹ? Ilé ẹ̀kọ́ wo, ní àdúgbò wo, ta ni ọ̀gá ibẹ̀? Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọdún mélòó, ta ló máa san owó ìtúsílẹ̀, ṣé ó máa lè jókòó ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí CQM tí ìjọba ń fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́? Bí àǹtí bá bínú pé ẹ ò fọkàn tán òun, ẹ jẹ́ kó bínú. Bí ẹ bá sì rí ọmọ tí ìyà ń jẹ nínú ilé kan, yálà ní Takon níhìn-ín tàbí níbòmíràn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé wà ní kọ́múnù, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí CPS láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ lọ bá wọn. Wọn kì í jẹ èèyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi, mi ò gbàgbé yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ tẹ́ ẹ ti bọ̀, tí ẹ ò tíì sọ ohun tójú yín rí fún ẹnikẹ́ni, kò pọn dandan kí ẹ sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan bá wà tó dúró tì yín lásìkò yẹn, ẹ lè dárúkọ oore tó ṣe, kí àwa tó kù lè mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.

A ó gbọ́ orin díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó gba ìpè. Bàbá kan ti ń pe fóònù wa láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń ju ọwọ́ sí mi. Bàbá, ẹ dúró lórí ìlà. Tiyín la ó kọ́kọ́ gbà.